Orúkọ Tí A Fò Nínú Àdúrà Àárọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa nílé wa, agogo ni. Agogo ọwọ́ kékeré kan báyìí, irú èyí tí àwọn tíṣà fi ń pe ọmọ wọ kíláàsì, ni bàbá mi gbé sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bí aago márùn-ún ààbọ̀ bá ti lù, yóò mì ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́ ni kí o lajú, ìkejì ni kí o bọ́jú, nígbà tí yóò bá fi di ìkẹta, kí o ti wà lórí ẹní ní pálọ̀ pẹ̀lú Bíbélì lórí itan rẹ. Ẹni tí ìkẹta bá bá lórí ibùsùn, ẹ jẹ́ kí n má sọ ohun tí ojú rẹ̀ máa ń rí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń tẹ fóònù yín lẹ́nu pa lẹ́ẹ̀mẹfà kí ẹ tó dìde, ilé wa ì bá kọ́ yín lọ́gbọ́n.

Ẹ̀yìn Costain ni ilé náà wà, ní ìhà Súrùlérè, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Yàrá méjì ni tiwa, èyí tó wà níwájú ni a ń pè ní pálọ̀. Ògiri tó wà láàárín àwa àti Alhaja tó ń gbé yàrá kejì kò nípọn rárá. Bí Alhaja bá sín ní tirẹ̀, ìyá mi á kí i pẹ̀lẹ́ láti tiwa. Nítorí náà, gbogbo ohun tí a bá ń ṣe níwájú Ọlọ́run láàárọ̀, ó ń ṣojú etí Alhaja náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ará Iléṣà ni bàbá mi, pákó ló ń tà ní Ọ̀tọ̀. Ó ní ọ̀pá ìwọ̀n onígi kan tó fi ń wọn pákó fún àwọn oníbàárà, ọwọ́ ti pa ọ̀pá náà dán. Ọ̀pá yìí kì í sùn ní ìsọ̀. Á bá bàbá mi wálé ní ìrọ̀lẹ́, á sì bá wa ṣe ìsìn láàárọ̀. Bí a bá ń kọrin, orí itan bàbá mi ló wà. Bí a bá ń ka Bíbélì, tí kálukú ń ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ náà ló wà. Tó bá wá kan kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ àkọ́sórí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ ọ lọ́fun, ìwọ fúnra rẹ lo máa na àtẹ́lẹwọ́ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún ọ. Bàbá mi kì í sì í bínú tó bá ń nà wá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Á fara balẹ̀ bí ẹni tó ń wọn pákó, kò ní lé, kò ní dín.

Ẹ má rò pé ọ̀mùtí ni, tàbí oníwàkiwà. Kò fẹnu kan ọtí rí. Kò gbé ọwọ́ sókè sí ìyá mi rí. Ó rán gbogbo wa nílé ìwé, àtọkùnrin àtobìnrin, nígbà tí àwọn kan ládùúgbò ń sọ pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Alàgbà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo Costain ló mọ̀ ọ́n sí èèyàn Ọlọ́run, èèyàn Ọlọ́run náà sì ni. Ó kàn jẹ́ pé ó mọ Ọlọ́run ju bó ṣe mọ̀ wá lọ.

Ìparí ìsìn ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Bí ìwé kíkà bá ti parí, yóò ní kí a kúnlẹ̀ kí a sì di ojú. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa síwájú Olúwa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí, lẹ́yìn rẹ̀ èmi, lẹ́yìn mi àbúrò mi ọkùnrin. Orúkọ kíkún ni, tòun ti oríkì. Yóò sọ ohun tó ń tọrọ fún onítọ̀hún, ẹni tó pè nìkan ni yóò sì dáhùn Àmín. Àmín ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ wọ inú ti ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Bàbá tí kì í gbé ọmọ lé itan, torí ọ̀pá ló wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀ tó bá kan oríkì rẹ, wàá gbọ́ ọ bí ẹni pé ó fọwọ́ pa ọ́ lórí. Ìṣẹ́jú kan péré ni o fi ń jẹ́ ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, àmọ́ ìṣẹ́jú náà dùn.

Ọjọ́ Sátidé ni ó máa ń fi ìpè orúkọ lé àwa ọmọ lọ́wọ́, kí a lè mọ bí a ṣe ń gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi lónìí, èmi ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àbúrò mi lẹ́yìn mi. Mo rántí Sátidé kan tó kan àbúrò mi. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ìyá bàbá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Iléṣà ni. Ọmọ náà pe gbogbo wa tán, ó wá fi tirẹ̀ kún un pé, "Olúwa, ẹ rántí Ìyá Àgbà, kí òtútù má mú wọn nínú ilẹ̀."

Bàbá mi lajú. Ó ní kí ó na ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pá bà lé e.

"A kì í gbàdúrà fún òkú," ó ní. "Ẹni tó bá ti kú ti bọ́ lọ́wọ́ àdúrà. Kí ni mo wí?"

Gbogbo wa tún un sọ pé a kì í gbàdúrà fún òkú. Àbúrò mi tún un sọ pẹ̀lú ẹkún. Ìyá mi náà tún un sọ. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, bí bàbá mi bá kàn ti wí pé "Kí ni mo wí?" nípa ohunkóhun, ọmọ yẹn á ti máa pariwo rẹ̀ pé a kì í gbàdúrà fún òkú. A máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Òun ló ń dì mí nírun, òun ló ń fà mí lọ́wọ́ kọjá títì tí mo bá ń lọ ilé ìwé. Ìyá mi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ọjà Yábà, ibẹ̀ ló ti mọ àwọn aránṣọ, ó sì fi ẹ̀gbọ́n mi sẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀gá yìí jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà wọn. Lójú bàbá mi, àwọn yẹn kò yàtọ̀ sí abọ̀rìṣà tó gbé Bíbélì sábíyá. Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé, á ti fèrèsé.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n rán mi níṣẹ́ sí Ojúẹlẹ́gbà ní ìrọ̀lẹ́, mo sì kó sáàárín èrò tó wọ aṣọ funfun. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó lọ. Mo wò ó títí, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí láàárín wọn, nínú sùtánà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, tó ń jó. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó mọ ijó jó. Ó rí mi, ó yà kúrò lórí ìlà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má sọ nílé o," ó ní. Òógùn bò ó lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ibí yìí, wọn kì í fi ọ̀pá wọn èèyàn."

Ó yọ ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù kan nínú báàgì rẹ̀, ó so ó mọ́ mi nírun. Mo búra fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pa á mọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, àkọ́sórí há mọ́ mi lọ́fun. Mo ti ṣeré jù lálẹ́ àná, n kò wo ìwé. Bàbá mi dúró dè mí, mo ká ọwọ́ lérí, mo tún ẹsẹ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Mo na ọwọ́. Ọ̀pá ti gòkè nígbà tí mo la ẹnu mi yìí, tí mo ní, "Bàbá, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa Àǹtí."

Ọ̀pá dúró sókè. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti sùtánà, mo sọ ti ẹsẹ̀ lásán, mo tilẹ̀ dìde lórí ẹní láti fi ijó náà hàn wọ́n. Ọ̀pá padà sórí itan bàbá mi jẹ́jẹ́. N kò jẹ ẹgba kankan lọ́jọ́ yẹn, ríbọ́ọ̀nù búlúù sì wà nírun mi.

Bàbá mi kò lu ẹ̀gbọ́n mi, kò sì bú u. Ó kàn yíjú sí i.

"Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

"O ti fi wọ́n sílẹ̀ àbí o kò tíì fi wọ́n sílẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. N kò lè purọ́ lórí ìkúnlẹ̀."

"Ó dáa," bàbá mi ní. "Ẹ kúnlẹ̀, ẹ di ojú yín."

Ó pe ìyá mi, ìyá mi dáhùn Àmín. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mí sínú, bó ṣe máa ń ṣe kí ó tó dáhùn tirẹ̀. Bàbá mi dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń fo gọ́tà, ó sì pe orúkọ mi. Mo lajú. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà, Àmín ti dé ètè rẹ̀, kò sí ibi tí yóò gbé e sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, torí ọjọ́ orí mi ti kọjá irọ́. Ó dùn mọ́ mi. Èmi ni mo wá di ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ. Mo ké Àmín tí Alhaja fi gbọ́ ní yàrá kejì.

Alhaja gbọ́ ju ìyẹn lọ. Ní ìdí àdògán lẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀ yẹn, ó rọra sún mọ́ ìyá mi. "Ẹ̀yin ìyá yìí, a ò gbọ́ orúkọ àkọ́bí yín láàárọ̀ yìí o. Ṣé ó rìnrìn àjò ni?" Ìyá mi ní rárá o, pé ohùn baba àwọn ọmọ ló wọlẹ̀. Àmọ́ ohùn kì í wọlẹ̀ fún oṣù méje. Oṣù méje gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń jí sí agogo, tó ń kọrin, tó ń sọ àkọ́sórí rẹ̀ láìṣì í, tó ń kúnlẹ̀, tí bàbá mi sì ń fò ó. Bàbá mi ti sọ ohun tí òun fẹ́: kí ó kúnlẹ̀ níṣojú gbogbo wa, kí ó sọ pé òun ti kọ ìjọ náà sílẹ̀, òun yóò pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ́. Ẹni bí ni là á jọ. Orí líle tí bàbá mi ń bá jà lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá mi náà ló ti mú un.

Gbogbo ilé ló mọ̀. Bí ó bá lọ pọn omi ní ìdí ẹ̀rọ, àwọn obìnrin á dákẹ́. Èmi náà kò sì ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí Sátidé bá kàn mí, mo ti mọ bí mo ṣe ń dákẹ́ níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bíi ti bàbá mi, mo ti mọ̀ ọ́n fò.

Inú ìjọ yẹn ló ti rí ọkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà ní Mushin. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà lọ́kọ ń ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọn kò gbọ́dọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ ìsìn. Bàbá mi kò lọ síbi ìgbéyàwó, ìsọ̀ pákó ló lọ. Ìyá mi lọ, ó sì dé kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé mọ́, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ohun kan. Bí bàbá mi bá ti dé ibi tó ń fò, ìyá mi á dáhùn Àmín lẹ́ẹ̀kejì, wúyẹ́wúyẹ́. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá mi dúró.

"Ta ni a gbàdúrà fún tí o ń ṣe Àmín?"

"Ẹ má bínú. Ọ̀fun ló ń yún mi."

"Kí ó má yún ọ níbẹ̀ mọ́."

Láti ìgbà náà ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, ní àárín Àmín ìyá mi àti orúkọ mi, ìyá mi á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi kò lè fòfin de ikọ́. Mo rò pé ó mọ ohun tó jẹ́, mo sì rò pé Alhaja náà mọ̀, torí òun ló sọ fún ìyá mi pé nígbà mìíràn tí òun bá dìde ṣe àlùwàlá, òun máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti Mushin ló ti ń fi ẹsẹ̀ rìn wá. Á jókòó sínú òkùnkùn, á dẹtí sí wa títí tí a ó fi pe orúkọ tán, á wá gbé gèlè rẹ̀ wé, á máa lọ. Kò kan ilẹ̀kùn rí.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀ kí àìsàn tó mú un. Ibà pọ́njú ni. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e padà wálé, ó gbẹ, kò lè dá dìde jókòó. Ìyá mi á ti ọjà Yábà gba Mushin lọ lójoojúmọ́, á lọ wẹ̀ ẹ́, á fún un ní omi ọ̀gì. Ọjọ́bọ̀ kan ni ìyá mi dé, tí kò tíì tú ìró ọjà rẹ̀ tó fi kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi.

"Baba, ọmọ yín ní kí n kí yín. Ó ní òun kò tọrọ owó, òun kò ní kí ẹ wá. Ó ní kí ẹ kàn dárúkọ òun nínú àdúrà àárọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Bàbá mi ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbé òkèlè rẹ̀ mì kí ó tó dáhùn. "Ó mọ ọ̀nà ilé yìí. Kí ó wá kúnlẹ̀ níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kúnlẹ̀ sí."

"Kò lè dìde, Baba."

"Ẹsẹ̀ lásán tó gbé e dé Mushin ńkọ́?"

Ìyá mi dìde. Kò sunkún. Ní ọjọ́ kejì, Fúráìdè, ó bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ àwo. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ẹ má pè mí ní ọmọdé.

"Ọ̀la, ìwọ lo ni ìpè," ó ní.

Mo ti mọ ibi tó ń lọ.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, ọmọ mi. Kí n lè lọ sọ fún un kí oòrùn tó mú pé a pè é."

"Tí Bàbá bá nà mí ńkọ́?"

"Màá na ọwọ́ tèmi fún un."

Bẹ́ẹ̀ ni agogo lù lọ́jọ́ Sátidé. A kọrin, a kàwé, a kúnlẹ̀. Bàbá mi ní kí n máa bá a lọ. Mo gbàdúrà fún bàbá mi, mo gbàdúrà fún ìyá mi, ìyá mi dáhùn Àmín rẹ̀. Ó wá kan ibẹ̀. Ìyá mi kò wúkọ́. Láti ọdún mẹ́ta, ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò wúkọ́ nìyẹn, ó fi àyè náà sílẹ̀ fún mi ní mímọ́. Mo gbọ́ reluwé tó ń fọn ní ìhà Ìjọra. Mo lajú díẹ̀, mo rí ọ̀pá lórí itan bàbá mi, mo rí ọwọ́ ìyá mi tó ti na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lórí ẹní, tó ń dúró de ẹgba mi. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Mo sì fò ó.

Mo ti rò ó títí, n kò lè purọ́ pé ẹ̀rù ọ̀pá nìkan ni. Àyè yẹn ti mọ́ mi lára ni. Mo ti jẹ́ àkọ́kọ́ fún ọdún púpọ̀.

Nígbà tí mo parí, bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tún ṣe é mọ́ títí ó fi kú. "O ti ń dàgbà," ó ní. Ìyá mi ká ẹní, ó mú báàgì rẹ̀, ó kọjá lára mi lọ sí Mushin.

Ọ̀sán Mọ́ńdè ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wá. Kò wọ bàtà. A rí i lẹ́nu ọ̀nà, a sì ti mọ̀. Wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá àti ìyá mi kò lọ, torí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Pálọ̀ ni wọ́n jókòó sí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní Túsìdè, agogo lù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lù. Nígbà tí bàbá mi jókòó, mo rí i pé ọ̀pá kò sí lórí itan rẹ̀. Kò ní kí a kọrin. Ó ní kí a kúnlẹ̀. Ó pe ìyá mi, ìyá mi ní Àmín. Bàbá mi dé ibi tó máa ń fò. Ó wá la ẹnu, ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ kíkún, tòun ti oríkì, pẹ̀lú ohùn rírọ̀ yẹn tí a kò gbọ́ lórí orúkọ náà láti ọdún mẹ́ta ó lé.

"Olúwa, rántí ọmọ mi," ó ní.

Ìyá mi gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ là kedere, ó gbẹ.

"Baba," ó ní, "ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Kí ni ẹ wí?"

Àbúrò mi, ọmọ tí wọ́n ti fi ọ̀pá kọ́, tí kò mọ ibi tí ìbéèrè náà ń lọ, dáhùn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì: "A kì í gbàdúrà fún òkú."

Bàbá mi kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló ṣe, ọ̀rọ̀ wà ní ètè rẹ̀, kò sí ibi tí yóò gbé e sí. Nígbà tó pẹ́, ó pe orúkọ mi. N kò rántí bóyá mo dáhùn.

Ìyá mi kò wúkọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Alhaja bi í lẹ́yìnkùlé pé ṣé ikọ́ ti lọ. "Ó ti lọ, Alhaja," ìyá mi ní, ó sì ń fẹ́ iná rẹ̀ lọ. Ó tún bá bàbá mi gbé fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, kò sì jẹ́ kí ó pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Bí bàbá mi bá ti dákẹ́ níbẹ̀, ìyá mi á kàn lajú, á máa wò ó. Bàbá mi máa ń rí ojú náà láìlajú tirẹ̀. Mo rò pé ojú yẹn ló pa á.

Nígbà tí ìyá mi dàgbà tán, tó wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Yábà, mo fi ìgboyà bi í léèrè ohun tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó ń ka bọ́tìnnì àtijọ́ sínú agolo.

"Mo sọ fún un pé o pè é," ó ní. "Ó bi mí pé ṣé ohùn rẹ lọ sókè. Mo ní Alhaja gbọ́ ọ." Ó ju bọ́tìnnì kan sí agolo. "Irọ́ ni mo fi sin ọmọ mi. Irọ́ rẹ."

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ẹni tó ń mi agogo mọ́. Àwọn ọmọ tèmi wà ní Kánádà, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó sún mọ́ mi jù wà ní Lẹ́kì, ìyẹn náà kì í rí àyè wá. Orí fóònù la ti ń ṣe ìsìn ìdílé ní ọjọ́ Sátidé. Ojú gbogbo wọn á wà nínú àpótí kéékèèké, ọ̀kan á máa jẹun, ọ̀kan á ti dákẹ́ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí àkọ́sórí, kò sí ọ̀pá, ọmọ-ọmọ mi a sì máa gbàdúrà pé, "God, please bless everybody, Amen," ó parí. Àwọn ìyá wọn á pàtẹ́wọ́. Inú mi ń dùn pé àdúrà ayé òde òní kì í ta ẹnikẹ́ni lára. Ó kàn ń ṣe mí bákan pé bí ẹnì kan bá kú nínú gbogbo wa, àdúrà náà kò ní mọ̀.

Ẹ ti ṣàkíyèsí pé n kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni mìíràn náà, kí tirẹ̀ nìkan má baà jẹ́ èyí tí a fò.

Bí wọ́n bá ti ṣe tiwọn tán, wọ́n á ní kí Màmá fi àdúrà parí rẹ̀. Mo máa ń pe gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tòun ti oríkì, àwọn ọkọ, àwọn ìyàwó, ọmọ tó wà níkùn, títí kan ọmọ tó ń bá mi tọ́jú ilé. Èmi ni mo máa ń pe ara mi gbẹ̀yìn. Kí n tó pe ara mi, tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń wúkọ́.

"Màmá, ikọ́ yín yìí ò tíì lọ ni?" èyí tó wà ní Kánádà á ní. "Ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín?"

Mo máa ń sọ fún un pé mò ń lò ó.